Kí Ìrànlọ́wọ́ Ṣáájú Ìbánikẹ́dùn

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ọ̀ràn Aláìsàn bá ìlú sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú

 

Ní ìpàdé tí ó kọjá ni ẹ yan àwa márùn-ún pé kí a lọ wo bí ẹgbẹ́ yìí ṣe lè máa ran ìdílé tí àìsàn ńlá bá wọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni a wá jẹ́. A bẹ̀ yín kí ẹ tẹ́tí sí wa. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́ tó ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ọ̀nà ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò sí agbo ilé kan nínú ìlú yìí tí kò kàn.

Àwọn àgbà wa ní, àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ìgbà kan wà tí owó àti ìtọ́jú ní iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe, ìgbà kan sì wà tí kò sí ohun tí owó lè ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju èyí lọ: ìgbà kejì yìí ni ẹgbẹ́ wa ti ń ná owó rẹ̀, a fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní ìgbà àkọ́kọ́.

OHUN TÍ ÀÌSÀN ŃLÁ Ń JẸ NÍNÚ ILÉ

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ara ẹnì kan kò yá, owó oògùn nìkan ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó ti àwọn ìdílé tí ọ̀ràn náà ti kàn, tí a sì fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wọn, a rí i pé apá kan péré ni owó oògùn jẹ́. Owó ọkọ̀ ń bẹ, láti ìlú wa dé ilé ìwòsàn ńlá, ní àlọ àti àbọ̀, fún aláìsàn àti fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń bẹ, owó yíya fọ́tò inú ara sì ń bẹ pẹ̀lú. Oúnjẹ ẹni tí ó dúró ti aláìsàn ń bẹ, nítorí pé ará ilé ni ó ń sáré kiri ra oògùn, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó sì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ni, ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà ti di títì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni, ó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni àìsàn mú, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni ó dá iṣẹ́ dúró.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo dá ètò kan sílẹ̀ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Ó mú kí àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ará ilé wọn sì wà pẹ̀lú wọn láti máa se oúnjẹ àti láti máa tọ́jú wọn. Dókítà náà mọ̀ pé ọwọ́ ará ilé wà lára oògùn. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ran aláìsàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ran ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bí ẹni tí ń dì í mú bá ṣubú, aláìsàn yóò bá a ṣubú.

ARÁKÙNRIN WA BÍRÍKÌLÀ

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan tí gbogbo wa mọ̀. A kò ní dárúkọ, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé àárín wa. Bíríkìlà ni arákùnrin náà. Òun ni ó to búlọ́ọ̀kù ògiri tí ẹ fara tì yìí. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ni ó daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà sì sọ pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. ₦50,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦150,000 lọ́sẹ̀ kan, ₦7,800,000 lọ́dún. Bíríkìlà wo ni ó ń rí irú owó bẹ́ẹ̀?

Ó lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ìgbà tí owó bá wà. Ó ta ẹ̀rọ tí ó fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó rẹ̀ ná ojú owó ìsọ̀ rẹ̀ tán. Wọ́n yá owó èlé. Ọmọ wọn obìnrin tí ó ku ọdún kan kí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga kúrò níbẹ̀, ó sì lọ ń bá ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè tajà.

Kí ni àwa ṣe? Lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, akọ̀wé kà á, a ní a ó gbé e yẹ̀ wò. Ní ìpàdé kejì, iye ẹni tí ó wá kò tó èyí tí òfin wa béèrè. Ní ìpàdé kẹta, ìyàwó arákùnrin wa wá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì ń ṣàlàyé ara ọkọ rẹ̀ lójú àgbà àti ọmọdé, títí tí ojú fi ti àwa tí a jókòó. A fún un ní ₦40,000. Kí ìpàdé kẹrin tó pé, arákùnrin wa ti kú. Ìyẹn jẹ́ ní ọdún 2024.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, a kó ₦600,000 jọ. A ra màlúù. A pa àtíbàbà. A ra aṣọ ẹgbẹ́. Ìwé ìṣirò owó wà lọ́wọ́ akápò, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè lọ wò ó.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wa ní àgbọ́yé. A kò sọ pé ₦600,000 náà ìbá gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ní iye tí wọ́n ń gbà nígbà náà, owó náà kò lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀méjìlá lọ, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n ìbá ti mú ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìbá ti mú kí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ má ṣe tì. Àìsàn mú baba lọ. Èyí wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ilé rẹ̀ ṣe wó tẹ̀ lé e, ọwọ́ àwa ni ìyẹn wà.

ÈYÍ TÍ ÀWỌN BABA WA MỌ̀

Kì í ṣe ohun àjèjì ni a mú wá. Àwọn baba wa mọ ọ̀wẹ̀, wọ́n sì mọ àáró. Bí àgbẹ̀ kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní àkókò ìroko, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lọ bá a ro oko rẹ̀, kí ebi má bàa pa ilé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá dìde. Wọ́n mọ èsúsú pẹ̀lú. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sì kọ odindi àkọsílẹ̀ lé e lórí ní 1952.

Ṣùgbọ́n Johnson kan náà kọ nípa ìwọ̀fà. Ẹni tí ìnáwó bá dé bá lójijì tí kò sì ní owó lọ́wọ́ yóò yá a, yóò sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn olówó títí tí yóò fi san owó náà tán. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará wa: orúkọ ìwọ̀fà ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí ó ń bá olówó èlé tajà nítorí àìsàn baba rẹ̀, orúkọ wo ni kí a pè é?

Èsúsú dára, ṣùgbọ́n ìtò ni a fi ń kó o. Bí ó bá kan èmi lóṣù yìí, ó kan ìwọ lóṣù tí ń bọ̀, olúkúlùkù a sì kó iye tí ó dá. Àìsàn kì í tò. Nítorí náà, àjọ mìíràn ni a nílò: àjọ tí olúkúlùkù yóò máa dá, tí yóò sì máa gbàdúrà pé kí ó má ṣe kan òun láti kó o láé.

ÈYÍ TÍ ÌJỌBA ṢE, ÀTI ÈYÍ TÍ Ó KÙ

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe nǹkan rárá. Àwọn àgbàlagbà wa rántí pé ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Obafemi Awolowo ṣe olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Wọ́n rántí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ṣe ní àwọn ìpínlẹ̀ wa láàárín 1979 àti 1983. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí láti máa ya náírà 15 sọ́tọ̀ fún ìlera nínú gbogbo 100 tí ìjọba bá fẹ́ ná. Orílẹ̀-èdè wa kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ. Títí di òní, ó ju ìdajì gbogbo owó ìwòsàn ní Nàìjíríà lọ tí ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn kan ṣí, púpọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé wọ́n ṣí. Òfin ètò adójútòfò ìlera jáde ní 1999, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó jàǹfààní rẹ̀ jù lọ. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, òfin tuntun jáde tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, tí ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní àjọ tiwọn tí ń gba àgbẹ̀ àti oníṣòwò wọlé.

Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí dókítà kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì nítorí ìdí èyíkéyìí. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìjọba àpapọ̀ tún ní àpò kan fún àwọn aláìní tí àrùn jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé-ọmọ àti ti pròsítéètì àwọn ọkùnrin ń bá jà, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2025, ọdún kan lẹ́yìn ikú arákùnrin wa, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000. UCH wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta àti LUTH ní Èkó náà sì wà níbẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣírò rẹ̀: ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ₦36,000 ni, lọ́dún, ₦1,872,000 ni. Ẹni tí ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin 2024, èyí tí í ṣe ₦70,000, yóò rí ₦840,000 lọ́dún. Gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì, kò sì tíì jẹun.

OHUN MẸ́RIN TÍ A BÈÈRÈ

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a mú wá síwájú yín.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ yìí máa san owó adójútòfò ìlera lọ́dọọdún fún àwọn opó, àwọn arúgbó tí kò ní olùtọ́jú, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí agbára wọn kò ká a. Kí baálé agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ wá. Kí ẹ̀yin ẹ̀ka òkè òkun gba agbo ilé tiyín mọ́ra. Ìgbà tí ara le ni a sì gbọ́dọ̀ san án, nítorí pé ètò wọ̀nyí sábà máa ń ní ọjọ́ ìdúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kì í dúró de ìgbà tí òjò bá dé kí a tó máa wá koríko ìbolé.

Èkejì, kí a dá Àpò Àìsàn sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí a ń dá fún òkú àti owó tí a bá rí ní Ọjọ́ Ìlú ni kí ó máa wọ inú rẹ̀. Kí ẹni mẹ́ta ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ méje, láìdúró de ìpàdé. Ilé ìwòsàn ni kí a san owó náà fún, kí wọ́n sì fún wa ní rìsíìtì. Kí iye kan wà tí ìdílé kan kò ní kọjá lọ́dún, kí àìsàn ẹnì kan má bàa gbé àpò gbogbo ìlú mì.

Ẹ̀kẹta, kí àpò kan náà máa wo ilé. Bí baba tàbí ìyá bá wà lórí ibùsùn, kí ẹgbẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún kan. Kí a fún ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú ní owó ọkọ̀. Nígbà tí ó bá sì ti parí, bóyá pẹ̀lú ayọ̀ tàbí pẹ̀lú omijé, kí a fún un ní ojú owó díẹ̀ tí yóò fi padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ní ẹ̀bùn, kì í ṣe ní àwìn.

Ẹ̀kẹrin, kí a yan ẹni méjì láàárín àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí yóò máa bá ìdílé lọ sí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ wọn ni láti béèrè ohun tí adójútòfò ń san àti ohun tí kò san, láti béèrè ibi tí owó ti dínkù, àti láti mú ìdílé dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà tí ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbọ́ ìṣòro aláìsàn tí kò lówó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti ta ilẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÍ Ó Ń ṢIYÈMÉJÌ

Àwọn kan ti bi wá pé, ṣé kí a má ṣe yẹ́ òkú wa sí mọ́ ni? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣì kù fún òkú. Ẹni tí a tọ́jú nígbà tí ó wà láàyè kò ní bínú pé màlúù rẹ̀ kéré.

Àwọn mìíràn ní, àwọn aláìṣòótọ́ yóò fi àìsàn irọ́ gba owó. Ìdí nìyí tí a fi ní kí owó má ṣe kọjá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ tààrà. Kí a sì máa ka iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde ní ìpàdé ọdọọdún. Iye owó ni a ó kà, a kò ní ka orúkọ.

Nítorí ohun kan ń bẹ tí ó dùn wá ju owó lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń fi àìsàn pamọ́ nítorí ìtìjú, wọ́n á sì jáde nígbà tí ọwọ́ kò tó o mọ́. Bí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìrànlọ́wọ́ bá gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ìpàdé, ọmọlúwàbí yóò yàn láti kú sínú yàrá rẹ̀. Kí ó máa jẹ́ ẹni mẹ́ta péré ni yóò mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúnlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí mọ́ nítorí àìsàn.

A kò ní tàn yín. Àpò náà kò ní lè wo gbogbo àrùn. Àwọn àrùn kan ń bẹ tí owó gbogbo ìlú kò lè ká, ti irú ìyẹn sì jẹ́ ti ìjọba, a ó sì máa pariwo sí ìjọba láìdákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ìsọ̀ tí kò ní tì, ilẹ̀ baba ẹni tí a kò ní tà ní ọ̀pọ̀, agbára wa ká ìwọ̀nyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Bí a bá pa ọwọ́ pọ̀, yóò tó.

Alága, a bẹ̀ yín kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ìdìbò lónìí, kí a tó dìde lọ jẹun. Ẹ má ṣe sọ pé a ó gbé e yẹ̀ wò. A ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó kan ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ó bá sì kan ẹnì kan, kí ó bá wa ní ìmúrasílẹ̀. Ìlú wa yóò tòrò, yóò sì máa gòkè àgbà. Àṣẹ.